Ta Ló Fún Un Ní Bírò? Ìdáhùn fún Ìyá Aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, níbí ní Abẹ́òkúta, ló kọ̀wé sí mi. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ kúrò nínú rẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà wa. Ilé-ìtura kan ní Òkè-Ìléwó ló ń ra àdìrẹ lọ́wọ́ mi fún aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ admin ọ́fíṣà wọn ló máa ń wá. Nígbà àkọ́kọ́, ó kó 40 ìdì, ₦280,000. Nígbà kejì, 60 ìdì, ₦420,000. Ìgbà méjèèjì ló mú LPO, ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ń béèrè ọjà, wá, òun ló buwọ́ lù ú, ilé-ìtura sì sanwó sínú àkáǹtì mi. Nígbà kẹta, ó ní kí n ṣe 180 ìdì, ₦1,260,000. Mo ṣe é, mo gbé e lọ, sítọ́ọ̀kípà wọn gbà á, ó buwọ́ lu wéébíìlì, ìwé tó ń bá ẹrù rìn. Oṣù márùn-ún rèé, wọn ò tíì san kọ́bọ̀. Mo lọ bá mánéjà wọn. Ó ní ọmọ náà ti kúrò níṣẹ́, pé kò láṣẹ láti ra irú ọjà bẹ́ẹ̀, pé MD àwọn, ọ̀gá àgbà, nìkan ló lè buwọ́ lu ìwé tó máa de ilé-iṣẹ́. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, àdìrẹ mi ló wà lọ́rùn àwọn ọmọ tó ń gbàlejò ní ẹnu ọ̀nà wọn. Ṣé òótọ́ ni pé ọwọ́ òṣìṣẹ́ kì í de ilé-iṣẹ́?"

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Kì í ṣe òótọ́. Bó bá jẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́ yìí náà ló rí, ẹjọ́ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ rò pé agbára yín wà kọ́ ló wà. Ẹ sọ nínú lẹ́tà yín pé ẹ ti fi ọ̀rá wé LPO yẹn, ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí, torí pé ọwọ́ ọmọbìnrin náà wà lórí rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ yẹn nìkan kò tó. Ẹ̀rí yín tó lágbára jù lọ wà nínú fóònù yín: aláàtì méjì tí báńkì fi ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́ tí ilé-ìtura san ₦280,000 àti ọjọ́ tí wọ́n san ₦420,000. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò ìlú yìí ló ń pàdánù owó lórí ọ̀rọ̀ yìí, tó jẹ́ pé àìmọ̀ ni wọ́n fi ń bá a lọ.

Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tó ń jẹ́ Limited, ènìyàn ni lójú òfin. Láti ọdún 1897 tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Ìlú Ọba ti dá ẹjọ́ Salomon ni èyí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, àwa náà sì jogún rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ lè nílẹ̀, ó lè jẹ gbèsè, wọ́n lè pè é lẹ́jọ́, ó sì yàtọ̀ pátápátá sí ẹni tó dá a sílẹ̀. Ara ni kò ní. Kò lọ́wọ́ tó máa fi di bírò mú, kò lẹ́nu tó máa fi sọ pé òun gbà. Gbogbo ìwé tí ilé-iṣẹ́ kankan ti buwọ́ lù rí láyé, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló bá a buwọ́ lù ú. Nítorí náà, tí mánéjà bá sọ pé òṣìṣẹ́ ló buwọ́ lùwé, pé kì í ṣe ilé-iṣẹ́, kò tíì sọ nǹkan kan. MD tó ń fi dẹ́rù bà yín yẹn náà, ó ń bá ilé-iṣẹ́ ṣiṣẹ́ ni. Ohun tí kóòtù máa béèrè ni pé: ta ló fún ọmọ náà ní bírò?

Òfin tó de àwọn ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní CAMA, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù lóṣù kẹjọ ọdún 2020, dáhùn ìbéèrè yìí. Ó ní ohun tí ìgbìmọ̀ àwọn dáírẹ́kítọ̀ bá ṣe, tàbí èyí tí MD bá ṣe lẹ́nu òwò tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe lójoojúmọ́, ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Ibí yìí ni mánéjà yẹn kà dé tó fi pa ìwé dé. Òfin náà tẹ̀ síwájú. Ó ní òṣìṣẹ́ yòókù, tàbí aṣojú, lè de ilé-iṣẹ́ tí àwọn tó wà lókè bá fún un láṣẹ, ì báà jẹ́ pé wọ́n sọ ọ́ jáde lẹ́nu, ì báà jẹ́ pé ìṣe wọn ló fi hàn. Ó tún ní bí wọn ò bá tilẹ̀ fún un láṣẹ rárá, tí wọ́n bá ti gbé e jáde fún ará ìta gẹ́gẹ́ bí ẹni tó láṣẹ, ohun tó bá ṣe máa lẹ̀ mọ́ wọn lára.

Àṣẹ tí wọ́n sọ jáde rọrùn láti mọ̀: ó wà nínú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́, tàbí nínú ìwé ìpinnu ìgbìmọ̀. Ẹ̀yin kò lè rí ìyẹn, àpótí wọn ló wà. Àṣẹ tó wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ènìyàn kò ṣòro náà. Ẹni tí wọ́n bá fi ṣe olùra-ọjà, wọ́n ti ní kó máa ra ọjà nìyẹn. Awakọ̀ ilé-iṣẹ́ lè ra epo sínú ọkọ̀ kí ilé-iṣẹ́ jẹ gbèsè epo náà. Kò lè ra ilẹ̀ ní Ọbáńtókò lórúkọ wọn. Ìwọ̀n iṣẹ́ ni ìwọ̀n àṣẹ.

Èyí tó kàn yín gan-an ni ẹ̀kẹta, àṣẹ tí ojú ayé rí. Àwa Ẹ̀gbá mọ irú àṣẹ yìí tipẹ́. Nígbà tí Ẹ̀gbá ṣì ń sìn lábẹ́ Ọ̀yọ́, ìlàrí Aláàfin ló ń wá jókòó sí ìlú àwọn baba wa. Ìlàrí kì í mú lẹ́tà dání. Wọ́n á fá apá kan orí rẹ̀, wọ́n á dá apá kejì sí, ẹni tó bá sì ti rí orí yẹn ti mọ ẹni tó rán an wá. Ohun tí ìlàrí bá gbà lọ́wọ́ ará oko, Ọ̀yọ́ ló gbà á. Ààfin kò lè yíjú padà kó ní òun ò mọ̀ ọ́n, nígbà tó jẹ́ pé ààfin ló ní kí wọ́n fá orí ọ̀hún. Nígbà tí Lísàbí dìde sí àwọn ìlàrí, Ọ̀yọ́ ló ń bá jà, kò sì sẹ́ni tó ṣi ìjà náà mọ̀ sí ìjà àárín òun àti ọmọ-iṣẹ́.

Ohun tí òfin ń wò ni bóyá ilé-ìtura fá orí ọmọbìnrin yẹn. LPO tó ní orúkọ wọn àti nọ́ńbà RC tí wọ́n fi forúkọ ilé-iṣẹ́ wọn sílẹ̀ lókè, ta ló tẹ̀ ẹ́ tó kó o fún un? Tábìlì tó jókòó sí nígbà tí ẹ lọ bá a, ta ló gbé e síbẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni àwọn lọ́yà wọn máa gbà wọlé: ìlàrí kò lè fá orí ara rẹ̀. Bí ọmọ náà bá kàn dé Ìtòkú tó ní òun lòun ń ra ọjà fún wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lásán kò de ilé-iṣẹ́. Ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kò de ilé-iṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, láti ọwọ́ ẹni tó láṣẹ tòótọ́, ló ṣe ohun tó mú kí ẹ gbà pé ó láṣẹ.

Ìdí tí mo fi ń pariwo aláàtì nìyẹn. Owó kì í dédé fò jáde nínú àkáǹtì ilé-iṣẹ́. Àwọn tí báńkì mọ̀, tí ọwọ́ wọn wà nínú ìwé àṣẹ báńkì, ló ń tú u sílẹ̀. Nígbà tí ₦280,000 wọ àkáǹtì yín, ẹni tó láṣẹ ní ilé-ìtura yẹn ti wo LPO tí ọmọ náà buwọ́ lù, ó sì ti fi owó sọ pé ó dáa. Nígbà tí ₦420,000 wọlé, ó tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé-ìtura fẹnu ara rẹ̀ sọ fún yín pé ọwọ́ ọmọ yìí, ọwọ́ àwọn ni. Ẹ ò nílò ẹlẹ́rìí mìíràn. Wọn ò lè dúró dìgbà tí ẹ bá ti rẹ aṣọ 180 ìdì sínú aró kí wọ́n tó rántí pé MD nìkan ló ń buwọ́ lùwé.

Mo ti rí i kí ẹjọ́ yí padà lórí nǹkan kékeré yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹnì kan tó ń gbé epo dísẹ́ẹ̀lì fún ilé-iṣẹ́ kan wá bá mi. Ẹni tó ń mójú tó jẹnẹrétọ̀ wọn ló máa ń buwọ́ lu ìwé epo, wọ́n sì sanwó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, wọ́n ní ẹni yẹn ò lẹ́tọ̀ọ́. A lọ bá wọn jókòó. Ọ̀gá wọn ń rẹ́rìn-ín, lọ́yà wọn ń tọ́ka sí òfin inú ilé wọn. Oníbàárà mi kò sọ̀rọ̀. Ó ṣí fáìlì, ó yọ ìwé báńkì mẹ́ta tí a ti fi bírò pupa yí sí, ó tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì, ó sì fi ìwé epo tí ọkùnrin jẹnẹrétọ̀ buwọ́ lù sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ kan náà, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, owó wọn lókè rẹ̀. Lọ́yà wọn gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó wá béèrè bóyá a lè jẹ́ kí wọ́n pín owó náà san lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A gbà á.

Ẹjọ́ kan wà tí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìlú Ọba dá lọ́dún 1971, ti Panorama àti Fidelis. Akọ̀wé ilé-iṣẹ́ Fidelis ló lọ háyà ọkọ̀ lọ́wọ́ Panorama, ó fi ìwé ilé-iṣẹ́ kọ̀wé, ó ní oníbàárà àwọn pàtàkì lòun fẹ́ fi gbé. Irọ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ náà kiri. Fidelis ní akọ̀wé lásán ni, pé kò láṣẹ láti háyà ọkọ̀. Kóòtù ní akọ̀wé ilé-iṣẹ́ òde òní kì í ṣe ẹni tó ń ṣe àkọsílẹ̀ lásán mọ́, pé irú iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí ará ìta máa retí pé ó lè ṣe, kí Fidelis lọ sanwó. CAMA tiwa náà sọ ọ́ kedere: bí ẹni tó yẹ kó de ilé-iṣẹ́ bá hùwà jìbìtì, tàbí tó yí ìwé, ìyẹn kò yọ ilé-iṣẹ́ nínú gbèsè sí ará ìta. Òun ló mú u wọlé, kì í ṣe ẹ̀yin. Bí mánéjà bá wá sọ fún yín lọ́la pé ọmọ náà ta lára àdìrẹ yín sápò ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ àárín òun àti àwọn nìyẹn.

Ẹ lè ní, ṣé ó yẹ kí n lọ wádìí inú ilé wọn kí n tó tajà ni? Rárá. Láti ọdún 1856, nínú ẹjọ́ Turquand, ni òfin ti sọ pé ará ìta tó ń fi òótọ́ inú bá ilé-iṣẹ́ lò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà pé wọ́n ti ṣe gbogbo ètò inú ilé wọn bó ṣe yẹ. Abala 93 nínú CAMA gbé irú rẹ̀ wọlé. Bó bá jẹ́ pé òfin inú ilé-ìtura ni pé ọjà tó bá ju ₦500,000 lọ, MD ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, òfin wọn nìyẹn, wọn ò kọ ọ́ sára ògiri fún yín kà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí wéébíìlì. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló gbà pé ọwọ́ sítọ́ọ̀kípà lórí wéébíìlì ni àdéhùn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ohun tó wà lókè ibi tó buwọ́ lù: ó sọ pé òun gba ẹrù yìí ní pípé. Kò sọ pé ilé-iṣẹ́ gbà láti ra á, kò sì sọ iye. Sítọ́ọ̀kípà kò láṣẹ láti dúnàá-dúrà, kò sẹ́ni tó sì máa gbà pé ó ní in. Iṣẹ́ mìíràn ni ìwé yẹn máa ṣe fún yín, iṣẹ́ ńlá sì ni: ó fi hàn pé 180 ìdì wọ ilé wọn, ó sì dá ọjọ́ tó wọlé.

Lọ́jọ́ tí ẹrù yẹn wọlé, ilé-ìtura láǹfààní láti pè yín pé àwọn ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́, ẹ wá kó ẹrù yín. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e fún aránṣọ, wọ́n rán an, wọ́n pín in, wọ́n ń wọ̀ ọ́. Lójú òfin, ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n ṣe lórúkọ òun, tó wá tẹ́wọ́ gba èrè rẹ̀, ti fọwọ́ sí i lẹ́yìn tó ti ṣẹlẹ̀, bí ẹni pé àṣẹ ti wà látilẹ̀ ni. Wọn ò lè jẹ iyán tán kí wọ́n ní àwọn ò bẹ oníyán níṣẹ́. Kódà, ká tilẹ̀ ní gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ já sófo, òfin ọjà títà tí a jogún láti 1893 sọ pé ẹni tó ra ọjà tí wọn ò sì dá iye lé, iye tó bójú mu ló máa san. Bí wọ́n bá ní ₦7,000 ìdì kan kọ́ làwọn gbà, kí wọ́n sọ iye tí wọ́n fẹ́ san. ₦7,000 náà ni wọ́n san nígbà méjèèjì ìṣáájú. Torí náà, ẹ wo ojú ìwé wọn lórí Instagram lálẹ́ òní. Àwọn ilé-ìtura fẹ́ràn láti máa gbé àwòrán òṣìṣẹ́ wọn síbẹ̀. Bí àdìrẹ yín bá wà níbẹ̀, ẹ tọ́jú àwòrán náà pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde, kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò.

Mi ò ní tàn yín, àwọn ibì kan wà tó lè gún yín lẹ́sẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n ọjà náà. Láti 60 ìdì bọ́ sí 180, lọ́yà wọn máa ní ó yẹ kí ara fu yín. CAMA gbà wọ́n láyè díẹ̀ níbẹ̀: ilé-iṣẹ́ kò jẹ gbèsè bí ẹ bá mọ̀ pé òṣìṣẹ́ náà kò láṣẹ, tàbí tó bá jẹ́ pé ó yẹ kí ẹ mọ̀ nítorí ipò yín tàbí ìbátan yín pẹ̀lú wọn. Ní tèmi, ilé-ìtura tó ń ra aṣọ fún òṣìṣẹ́ lè rà á fún gbogbo ẹ̀ka lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ohun àràmàǹdà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí ohun tí ọmọ náà sọ nígbà tó béèrè 180, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí, kí ọjọ́ tó gbé e lọ.

Èkejì, ẹ mú LPO mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ gbé wọn sábẹ́ iná, kí ẹ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé ìwé náà kò wúlò láìsí ọwọ́ MD. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà níbẹ̀, tí MD sì buwọ́ lu méjì àkọ́kọ́ tí kò buwọ́ lu ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ yín ti le nìyẹn, kí ẹ tètè sọ fún mi. Bí ó bá wà níbẹ̀ tí ọwọ́ ọmọ náà nìkan sì wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ti fi owó pa òfin wọn rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, a sì máa sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ dá mi lóhùn lójúkojú, kì í ṣe lórí ìwé. Ǹjẹ́ ẹ fún ọmọ náà ní nǹkan kan lẹ́yìn? Mo mọ ọjà. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń sọ pé kí màmá rántí àwọn. Bí ẹ bá fún un ní ìdì kan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ìdúpẹ́ ní gbangba, ìyẹn yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi owó lé iye ọjà kí ẹ lè dá a padà fún un níkọ̀kọ̀, ilé-ìtura lè fi ìyẹn nìkan wó àdéhùn yín lulẹ̀, torí pé ẹ ti bá ìránṣẹ́ wọn dìtẹ̀ mọ́ wọn. Lọ́yà tí kò bá béèrè èyí lọ́wọ́ yín ṣáájú, ní kóòtù lẹ ti máa gbọ́ ọ.

Ẹ tún kọ ọ́ pé ọkàn yín ò balẹ̀ torí pé LPO ẹ̀kẹta kò ní sítáǹpù. Ẹ fi ọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn. Sítáǹpù rọ́bà kò ní agbára kankan tí òfin fún un. Ẹni tó ń ṣe é lẹ́bàá ọ̀nà lè bá yín ṣe ti ilé-iṣẹ́ yòówù kí oòrùn tó wọ̀. Èdìdì ilé-iṣẹ́ gan-an, èyí tí wọ́n máa ń fi irin tẹ̀ mọ́ ìwé, abala 98 nínú CAMA ti sọ ọ́ di ohun tí ilé-iṣẹ́ lè ní tàbí kó má ní. Mo ti rí àwọn oníṣòwò tó jẹ́ kí owó wọn lọ torí wọ́n gbà pé ìwé tí kò bá ní sítáǹpù ti kú. Ó máa ń dùn mí dé ọkàn.

WhatsApp ńkọ́? Ẹ ní ibẹ̀ ni ọmọ náà ti fi àwọ̀ àti iye ránṣẹ́. Òfin ẹ̀rí ti 2011, èyí tí wọ́n ṣe àtúnṣe sí ní 2023, gba ohun tó jáde láti inú fóònù àti kọ̀ǹpútà wọlé, tí a bá tẹ̀lé ètò abala 84 rẹ̀. Ìwé kan wà tí a máa fi sí i láti jẹ́rìí sí bí a ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́, kódà èyí tí ẹ ti bínú sí i. Ẹ má sì pààrọ̀ fóònù yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Mo mọ̀ pé wọ́n ti gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ní ọjà. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020, abala 32, sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni kìkì torí gbèsè tàbí torí pé ó yẹ àdéhùn. Bí wọ́n bá bá yín ti ọmọbìnrin yẹn mọ́lé, òun ló máa wá di olùpẹ̀jọ́, ẹ̀yin lẹ máa di olùjẹ́jọ́.

Ọmọ náà ńkọ́? Bí kóòtù bá jàjà sọ pé ilé-ìtura bọ́, òun fúnra rẹ̀ lẹ lè yíjú sí. Láti 1857, nínú ẹjọ́ Collen àti Wright, ni òfin ti ní ẹni tó bá sọ pé òun láṣẹ tí kò sì ní in, yóò san àdánù tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fà. Àmọ́ kí la fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ tó ti ń wá iṣẹ́ kiri? Ẹ jẹ́ ká fi í ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ wá a, ẹ bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kó sọ ẹni tó ní kó ra 180 ìdì. Kò sí ìdí fún un láti fi ara rẹ̀ sábẹ́ gbèsè ₦1,260,000 torí àwọn tó ti dá a dúró.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tó ń ka èyí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ máa kọ ọ́ sókè ọwọ́ yín pé "fún àti lórúkọ ilé-iṣẹ́", kí ẹ sì kọ ipò yín sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kọ orúkọ ara rẹ̀ nìkan, olówó ọjà lè ní òun gan-an lòun bá ṣàdéhùn. Ẹ̀yin ọ̀gá náà, tí ẹ bá gba bírò lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ti ń bá a ra ọjà kí wọ́n mọ̀. Bí ẹ bá dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń dè yín.

Màmá, ohun tó kù kò pọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ wo orúkọ ilé-ìtura náà lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, torí orúkọ tó wà lójú pátákó lè má jẹ́ orúkọ tí òfin mọ̀. Bó bá jẹ́ Limited, ilé-iṣẹ́ la máa pè lẹ́jọ́, kì í ṣe mánéjà. Bó bá jẹ́ orúkọ òwò lásán ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò sí ẹnì kejì lẹ́yìn rẹ̀. Ọrùn ẹni tó ni ín ni gbèsè náà wà tààrà, ìyẹn sì lè yá jù fún wa. Ọdún mẹ́fà ni òfin fún yín láti pe ẹjọ́ lórí irú àdéhùn yìí, ẹ ò sì tíì lo oṣù mẹ́fà. Àmọ́ sítọ́ọ̀kípà náà lè kúrò níṣẹ́ lọ́la, aṣọ sì máa ń gbó.

Lẹ́tà la máa kọ́kọ́ kọ, sí MD fúnra rẹ̀, ní àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lọ́dọ̀ CAC. A ò ní bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. A máa ní: ẹ gba 180 ìdì àdìrẹ ní ọjọ́ báyìí, sítọ́ọ̀kípà yín ló gbà á, òṣìṣẹ́ yín tó buwọ́ lu LPO yìí náà ló buwọ́ lu méjì tí ẹ ti san, ẹ sì ń lo ẹrù náà. Ẹ san ₦1,260,000 láàárín ọjọ́ 14, tàbí kí ẹ kọ̀wé sọ bí ẹ ṣe fẹ́ máa san án díẹ̀díẹ̀. A máa so ẹ̀dà ìwé báńkì méjèèjì mọ́ ọn lẹ́yìn, aláàtì yẹn lókè, LPO tirẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ lọ gba ìwé àkáǹtì yín ní báńkì lọ́jọ́ Ajé, kí ẹ ní kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ wọn sí ojú ewé méjèèjì tí owó náà ti wọlé, kí ẹ sì mú un bọ̀ pẹ̀lú fóònù yẹn.